Wàláà Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀rọ Wa

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti ní ẹ̀rọ router báyìí, àpótí kékeré tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú ní igun pálọ̀, tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún tọmọdé tàgbà. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, tí ó wá ń pa ara rẹ̀, tí ó ń tan ara rẹ̀, tí ó sì ń gbàgbé password tí a fún un, a máa ń sọ pé àwọn ọmọ ni ó bà á jẹ́, tàbí kí a di ẹ̀bi náà ru iná mànàmáná. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tí ó ń gbó, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Irú ohun náà ni ó wà nínú fóònù, mẹ́mórì káàdì àti flash drive tí a kó àwòrán ìgbéyàwó àti ohùn àwọn òbí wa sí.

Flash ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fujio Masuoka, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Japan, ni ó ṣe é ní ilé-iṣẹ́ Toshiba, tí ó sì gbé e síwájú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1984. Ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni ó fún un ní orúkọ náà, nítorí pé bí ó ṣe ń pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà rán an létí iná kámẹ́rà.

Ẹni tí ó bá ti lọ ilé kéwú rí mọ wàláà. A ó fi tàdáwà kọ ọ́, a ó kà á títí yóò fi mọ́ wa lórí, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì tún un kọ. Kíkà kì í pa wàláà lára; fífọ̀ àti àtúnkọ ni ó ń jẹ igi rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni flash rí. Inú rẹ̀ pín sí búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀rọ lè máa kọ ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn sínú búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n kò lè pa ẹyọ ojú ewé kan rẹ́. Odidi búlọ́ọ̀kù ni yóò pa rẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń da omi sí gbogbo wàláà. Agbára iná ni ó fi ń ti àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gba inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kọjá, òun náà ni ó sì fi ń fà wọ́n jáde. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, awọ náà ń gbọgbẹ́ díẹ̀. Flash tí ó lágbára lè gba ìkọ àti ìparẹ́ tó 100,000. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ohun olówó pọ́ọ́kú kì í ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Búlọ́ọ̀kù tí awọ rẹ̀ bá gbó kò lè di ohun tí a kọ sí i mú mọ́.

Kí ó má yà yín lẹ́nu pé láti ilé-iṣẹ́ ni àwọn búlọ́ọ̀kù kan ti bàjẹ́. Irú flash kan wà tí ó ní búlọ́ọ̀kù 1,024, tí a ń fi sínú ọ̀pọ̀ router. Àwọn tí ó ṣe é lè tà á bí èyí tí kò dára nínú rẹ̀ kò bá ju 20 lọ. Wọn kì í fi í pamọ́: wọ́n ń sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀rọ má baà kọ nǹkan sí i. Bí òmíràn bá bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ yóò sàmì sí òun náà, yóò sì lo èyí tí ó wà ní ìpamọ́. Ewu dé bí ìpamọ́ bá tán, tàbí bí ó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí ètò ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ wà ni ó bàjẹ́. Iná irú router bẹ́ẹ̀ yóò tàn, ṣùgbọ́n kò ní jí.

Ìkọkúkọ ni ó ń mú flash gbó kíákíá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Tesla ní Amẹ́ríkà pe ọkọ̀ tí ó tó 135,000 padà fún àtúnṣe. Flash 8GB inú kọ̀ǹpútà iwájú awakọ̀ ni ó ń gbó, nítorí pé kò sí ìgbà tí a lo ọkọ̀ náà tí kì í kọ nǹkan sí i. Láàrin ọdún 5 sí 6, ó lè gbó tán, awakọ̀ kò sì ní rí àwòrán ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ bí ó bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Nítorí irú èyí ni OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè fi sínú router, fi ń kọ àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ sí RAM, tí ń ṣófo nígbà tí a bá paná, kí ó má baà máa jẹ flash.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ kọ password àti ètò router yín sínú ìwé. Ẹ má ṣe fún un ní ètò tuntun nígbà tí iná kò bá dá yín lójú, nítorí bí iná bá lọ níbi tí ó ti ń kọ ọ́, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni yóò kù nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, nítorí ooru ń ba flash jẹ́. Mẹ́mórì káàdì tí ń gba fídíò kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà tọ̀sán tòru, ẹ má ṣe kó àwòrán ẹbí sí i.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ mí lógún jù ni ohun tí kò ní ẹ̀dà. Bí router bá kú, owó ni a ó fi ra òmíràn. Ohùn òbí tí ó ti di olóògbé, tí ó wà nínú fóònù kan ṣoṣo, ọjà wo ni a ó ti rà á? Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ẹ má sì ṣe gbàgbé flash drive sínú àpótí fún ọdún mẹ́wàá, nítorí ohun tí a kọ sí i lè ṣá bí a kò bá lò ó. Ẹ máa yọ ọ́ wò lọ́dọọdún, kí ẹ sì máa da ohun inú rẹ̀ kọ sórí tuntun. Ọmọ kéwú kì í fi wàláà ṣe ibi ìpamọ́; ó mọ̀ pé a ó fọ̀ ọ́.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.