Ibi tí Ẹ̀rù Ń Gbé ni Ìgboyà Ń Gbé

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń dojú kọ ewu ni mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 2024, ohun abúgbàù bú ní Bódìjà, ní Ìbàdàn. Ilé wó, ẹ̀mí ṣòfò. Gómìnà Ṣèyí Mákindé kéde pé ènìyàn 77 ló fara pa. Ó ní àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ ló kó ohun náà pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀.

Nírú alẹ́ bẹ́ẹ̀, Yorùbá á ní, "Àyà mi já." Ẹni tí ẹ̀rù bà, a ní ó fòyà, ẹni tó dojú kọ ewu, a ní ó gbóyà. Àyà kan náà ni. Lójú tèmi, kì í ṣe ẹni tí àyà rẹ̀ kì í já nìkan ni akin. Àwọn tó ń wa àwókù ilé lóru ọjọ́ náà láti yọ ènìyàn, mi ò gbà pé àyà wọn kò já. Wọn kò kúrò níbẹ̀ ṣá.

Ṣùgbọ́n àyà nìkan kò tó yin ènìyàn. Olè náà láyà. Ẹni tó kó ohun abúgbàù sáàárín ilé tí ọmọdé ń sùn láyà pẹ̀lú, ta ni yóò pè é ní akin? Ẹ wo "ògbójú" náà: oríyìn ni fún ọdẹ, Fágúnwà sì fi bẹ̀rẹ̀ àkọlé ìwé rẹ̀ ní 1938, àmọ́ bí ìyá bá ní ọmọ kan gbójú, ìbáwí ló ń bọ̀ yẹn.

Ìfàyàrán tún yàtọ̀. Ìgboyà ni ti alẹ́ ọjọ́ kan. Ìfàyàrán ni ti oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí onílé ń wá ibi tí yóò sùn. Ẹni tó ru ẹrù ló lè sọ pé òun yóò fàyà rán an. Kò yẹ kí ẹni tó yẹ kó bá a sọ ọ́ máa pàṣẹ ìfaradà fún un. Ohun tó ń bí mi nínú nìyí.

Àwa náà sì ń ṣe é, tí a bá sáré sọ fún ẹni tí àjálù bá pé orí rẹ̀ ló yàn án. Ẹni tó yè, "Ẹ kú ewu" ni à ń kí i. Ẹni tó pàdánù ènìyàn, "Ẹ kú ìrọ́jú" ni. Ẹ jẹ́ kí á kí wọn bẹ́ẹ̀, kí á sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n nílò, kí á tó mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ jáde.