Kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó gun orí bọ́ńgálò, ìpìlẹ̀ ni kí onílé kọ́kọ́ bi

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí onílé wo ilé rẹ̀ dáadáa kó tó fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rìn láti Ìbàfò dé Mówè, tó tún dé Ìfọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, á rí i pé ọ̀pọ̀ onílé kì í wo ìsàlẹ̀ mọ́. Òkè nìkan ni ojú wọn ń wò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìgbéraga. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni àwọn tí owó ilé Èkó ń ni lára ti ń wá ra ilẹ̀ sí ojú ọ̀nà yẹn. Ìyá aláṣọ, télọ̀, mẹkáníìkì, kálukú fi owó àjọ ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, ó kọ́ yàrá méjì, ó sì kó wọlé kí wọ́n tó rẹ́ ẹ tán. Nígbà tó yá, ọmọ dàgbà, ìyàwó ọmọ dé, àwọn ayálégbé náà ń kanlẹ̀kùn. Ilẹ̀ ti tán lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ká mú ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Mówè bí àpẹẹrẹ. Ó gba àjọ, ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Èyí yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ gbá ògiri, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé yín yìí le bí àpáta. Ṣé ẹ rí irin tó yọrí lókè àwọn òpó wọ̀nyí? Ẹni tó kọ́ ọ ti fi àyè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́."

"Ṣé ó dá ẹ lójú, ọmọ mi?"

"Háà, ìyá! Ẹ lọ wo iye tí mo ti kọ́ ní Ìbàfò."

Ìyá kó owó kalẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ rèé. Irin tó yọrí lókè òpó kò lè sọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Irin nìkan ni. Òpó mìíràn wà tó jẹ́ pé orí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ti gbé e dìde, kò dé inú ìpìlẹ̀ rárá. Irin tó sì ti wà nínú òjò láti ọdún pípẹ́, ìpẹtà á ti jẹ ẹ́.

Gbogbo ará ọjà ló mọ̀ pé alárù tó lè ru àpò ìrẹsì kan, tí wọ́n bá di mẹ́ta lé e lórí, ọrùn rẹ̀ á wọ́. Bí ilé ṣe rí náà nìyẹn. Dẹ́kìn yàrá kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní ìbú, tó sì nípọn tó íǹṣì 6, ó wúwo ju 90 àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Wọn kò tíì to búlọ́ọ̀kù kan lé e o, kò sì tíì sí ẹni tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọ ibẹ̀. Kí onílé wá fi iye yàrá rẹ̀ ṣírò rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkòtún ní Èkó kò yẹ kó kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ kan wó lulẹ̀ níbẹ̀, ènìyàn 116 ló bá a lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ NEMA sọ nígbà náà pé ńṣe ni wọ́n ń fi àjà kún un lókè. Adájọ́ tó wádìí ikú àwọn ènìyàn náà sọ ní 2015 pé àbùkù wà nínú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìjọ tó lówó ni o, kì í ṣe ìyá aláṣọ. Owó kì í gbé ilé ró bí ìpìlẹ̀ kò bá gbà á.

Kí ni kí onílé wá ṣe? Kó kọ́kọ́ bẹ ìpìlẹ̀ wò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n gbẹ́ ihò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó wà ní igun ilé, títí wọ́n á fi kan ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀. Igun kan lẹ́ẹ̀kan náà ni o. Wọn kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri látòkè délẹ̀, kí ilé má baà jìn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa wò níbẹ̀. Èkíní, ṣé òpó náà dé ìsàlẹ̀, àbí orí búlọ́ọ̀kù ló dúró sí? Èkejì, ṣé kọ́ńkéré tó fẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, tí irin wà nínú rẹ̀? Ẹ̀kẹta, irú ilẹ̀ wo ni? Ilẹ̀ pupa tó le yàtọ̀ sí ilẹ̀ dúdú tí omi ń sun nínú rẹ̀. Àbàtà pọ̀ ní apá Ìbàfò tó kọjú sí odò Ògùn, ilé tó wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ti Mówè ṣe àwòkọ́ṣe. Tí wọ́n bá wò ó tán, kí wọ́n da iyèpẹ̀ padà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì kì í dáadáa.

Ní Ìfọ̀, ọ̀rọ̀ tún ní ọ̀nà mìíràn. Ilé àtijọ́ kan wà tó jẹ́ amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ níta ló ń tan ojú. Kí ẹni tó jogún irú rẹ̀ fi ìṣó gbẹ́ díẹ̀ kúrò lára ògiri, kó wo inú. Tó bá jẹ́ amọ̀ ni, kó gbàgbé dẹ́kìn pátápátá. Kó tún páànù rẹ̀ ṣe, kó la ọ̀nà fún àgbàrá kó má dúró nídìí ògiri, ilé náà á tún pẹ́ láyé.

Tí ìpìlẹ̀ kò bá gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ayé kò tíì parí. Onílé lè kọ́ yàrá tuntun sí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ilé, kí yàrá náà ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀ àti ògiri tirẹ̀. Kí wọ́n má so ògiri tuntun mọ́ ti àtijọ́. Kí wọ́n fi àlàfo tóóró sáàárín wọn, nítorí ilé tuntun máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ti àtijọ́ sì ti rọ tirẹ̀ tán. Àwọn tó so wọ́n pọ̀ ni wọ́n ń rí ògiri tó là láti òkè dé ilẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ni dandan, ẹnjiníà lè ya òpó tuntun tí ìpìlẹ̀ tiwọn á jìn, tí wọ́n á fi ru ilé òkè láì gbé e lé bọ́ńgálò lórí. Ó máa ń náni lówó, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ ìyá ló tún máa ń ní kí wọ́n wó ògiri iwájú, kí yàrá lè di ṣọ́ọ̀bù. Ògiri yẹn lè jẹ́ èyí tó ru òrùlé. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n fi igi tó le ti òkè náà, kí wọ́n da bíìmù onírin sí i, kí wọ́n máa bu omi sí i fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kí igi náà sì wà níbẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ 3. Bíríkìlà tó bá ní kí wọ́n yọ igi lọ́jọ́ kẹrin, iṣẹ́ mìíràn ló ń pè é.

Kí yàrá tuntun má sì dí fèrèsé ti àtijọ́. Yàrá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, ooru á máa pa ọmọ inú rẹ̀, ara ògiri á sì máa hu ewú. Kí wọ́n má kọ́ ọ sórí sókàwéè, kí wọ́n má sì gbẹ́ sókàwéè tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ẹsẹ̀ bàtà 100 ni àwọn onímọ̀ ìlera fẹ́ kó wà láàárín wọn. Lórí ilẹ̀ ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, kò rọrùn, nítorí náà kí onílé bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè ibi tí kànga tirẹ̀ wà.

Ní ti ìwé, òfin ètò ìlú ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé kọ́kọ́ gba àṣẹ, àjà tí wọ́n fi kún ilé náà wà nínú rẹ̀. Kí onílé mú pílánì àtijọ́ lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú. Kó wá ẹnjiníà tó ní nọ́ńbà COREN, kó sì ní kó fi nọ́ńbà náà hàn án. Ìṣòro ni pé ìyá tó lè náwó fún 500 búlọ́ọ̀kù máa ń ro owó ẹnjiníà sí owó tó sọnù. Búlọ́ọ̀kù tó bá wó, ṣé wọ́n máa ń rà á padà?

Bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ kì í bínú bí wọ́n bá ní kó gbẹ́ ihò wò. Èyí tó bá bínú, kí ìyá san owó ọkọ̀ rẹ̀ fún un, kó máa lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.