Ta Ni Yóò San Gbèsè Alágbàwí Ìlú?

Ẹ̀yin ará wa ní Odòde Ìdànrè, àwọn kan ń sọ pé òmùgọ̀ lọmọ tó bá yá owó ìjọba láti kọ́ ìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú àti gbígbẹnusọ fún mẹ̀kúnnù, nítorí iṣẹ́ náà kò lówó lórí. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀.

Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ọdún 2024 kò fi èlé sí i. Ó di ọdún 2 lẹ́yìn tí ọmọ bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Náírà 10 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa yọ. Ẹni tó ń gba 70,000 náírà, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún kan náà, yóò san 7,000. Bí gbèsè bá jẹ́ 420,000, ọdún 5 ni. Ó wúwo, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbé, bí owó oṣù bá wà.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀nà oko kòkó bá bàjẹ́, ta ni ẹ ń bẹ̀ kó kọ̀wé sí ìjọba? Ọmọ yìí kan náà ni! “Ọlọ́run á san án fún ọ” lẹ sì fi ń sanwó. Àdúrà dára, kì í ṣe owó oṣù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ ìlú, ẹ gbà wọ́n síṣẹ́, kí ẹ sì sanwó wọn kí òógùn wọn tó gbẹ, bí Ànábì ti pàṣẹ.