Iṣẹ́ àmúrelé: Ṣé ọ̀lẹ lọmọ yín ni, àbí ìbéèrè ni kò yé e?

Kò sí onímọ́tò tí kò mọ ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì, iná iwájú ọkọ̀ àti oríṣiríṣi páàtì tòkunbọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́tò kọ́ la gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké tó máa ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ sí ìsọ̀ àwọn òbí wọn ni. Bí ẹ bá ti dárúkọ iṣẹ́ àmúrelé fún wọn báyìí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n, orí á máa fọ́ wọn, oorun tí kò kùn wọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣeré á sì dé lójijì.

Pàṣán lọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ rántí. Wọ́n ní ọ̀lẹ lọmọ náà, pé tẹlifíṣàn àti fóònù ti bà á jẹ́. Òótọ́ lè wà níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ta omi inú ọ̀rá, tó ń ka ṣéńjì lé oníbàárà lọ́wọ́ tí kì í ṣi owó kà, òun náà ló máa jókòó ti ìwé ìṣirò fún wákàtí kan tí kò ní kọ nǹkan kan. Ṣé ọpọlọ rẹ̀ ló fò lọ ni? Rárá o. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà fi béèrè pé mélòó ló kù. Ìṣirò kọ́ ló ń sá fún. Ìbéèrè ni kò yé e, ojú sì ń tì í láti sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Ládìpọ̀ nìkan. Ní 2022, àjọ UNICEF sọ pé ìdá 75 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ni kò lè ka gbólóhùn kékeré tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò tó rọrùn.

Àwọn àgbà kan ti rí i tipẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ yìí kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ìjọba ò dúró sójú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 1977 ní kí wọ́n fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ, ní November 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé àwọn ti fagi lé e. Ó ní bí àwọn ọmọ ṣe ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB láwọn agbègbè kan wà lára ìdí rẹ̀. A ò bá ìjọba jà. Ṣùgbọ́n kò sí mínísítà tó lè fòfin de Yorùbá tàbí Ìgbò ní ìsọ̀ bàbá ọmọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń pọ̀ tó. Ní 2006, Harris Cooper ti Yunifásítì Duke l'Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkójọ ìwádìí lórí iṣẹ́ àmúrelé. Wọ́n rí i pé èrè tó ń ṣe fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kéré gan-an sí ti ọmọ girama. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ni òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò níbẹ̀: ogún ìṣẹ́jú fún ọmọ tó wà ní praímárì kejì. Níbí ńkọ́? Àwọn òbí kan gbà pé ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá kó iṣẹ́ rẹpẹtẹ fọ́mọ kò mọ iṣẹ́ ẹ̀.

Ibi tó dùn wá jù ni ti olùkọ́ lẹ́sìnnì tó máa ń pe ìdáhùn fọ́mọ, tọ́mọ á kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀. Inú òbí á dùn, ìwé á kún fún máàkì, olùkọ́ kíláàsì á rò pé iṣẹ́ ti yé ọmọ, á sì kọjá síbòmíì. Ẹ̀tàn gbáà ni.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò gba owó. Ẹ jẹ́ kọ́mọ jẹun, kó sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ṣe é kílẹ̀ tó ṣú, torí iná mànàmáná ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ bi í pé, "Kí ni wọ́n ní kó o ṣe?" kó fi èdè ilé ṣàlàyé. Òbí tí kò kàwé rárá lè béèrè èyí. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ ti rí ibi tí ìṣòro wà nìyẹn. Nọ́ọ̀tì àti bóòtù tó wà ní ìsọ̀ tó láti fi ka àròpọ̀ àti àyọkúrò. Ẹ jọ ṣe àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún un. Ẹ sì kíyè sí ọmọ tó ń gbé ìwé sún mọ́ ojú jù: ó lè jẹ́ pé kò ríran dáadáa.

Àwọn kan á ní ọmọ tí kò bá mọ̀wé lè kọ́ṣẹ́ páàtì. Kò burú. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àti lẹ́tà ni wọ́n fi ń mọ páàtì kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹni tí kò lè kà á á ta èyí tí kò bá ọkọ̀ mu.

Tí nǹkan kan ò bá yé ọmọ, ẹ má kọ ọ́ fún un. Ẹ fi àlàfo rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò yé e, tàbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún olùkọ́ ní ẹnu géètì láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má nà án nítorí rẹ̀.