AṢỌ TA NI A RÓ MỌ́DÌÍ?

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Obìnrin Íńdíà a ró nǹkan bí yáàdì 6 aṣọ mọ́ra, a sì ta etí rẹ̀ sí èjìká òsì. Ọkùnrin Aṣáńtì a gba kẹ́ńtè kọjá lábẹ́ apá ọ̀tún, a sì jù ú lé èjìká òsì. Ní tiwa, àwọn ìyá wa a ró ìró, wọn a wé gèlè, wọn a fi ìborùn kọ́ èjìká, ọ̀já ni wọ́n sì fi ń pọn ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀rọ̀ oge lásán ni èyí. Ọ̀rọ̀ òmìnira ni.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1921, ní ìlú Madurai, Gandhi bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó sì ró aṣọ òwú tí a fi ọwọ́ ran, gẹ́gẹ́ bí tálákà àgbẹ̀. Nígbà tí ó lọ sí àpérò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1931, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni ó ró lọ sí ààfin Ọba George Karùn-ún. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń ra aṣọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń jẹ gàba lé e lórí, owó ara rẹ̀ ni ó fi ń ra okùn tí a fi ń dè é.

Nílé wa níhìn-ín, nígbà tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ ní 1947 láti tako owó orí, ó pa aṣọ òyìnbó tì, ó ń ró ìró bí àwọn ìyá ọjà, kí ìyàtọ̀ má baà sí láàrin ẹni tí ó kàwé àti ẹni tí kò kà. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀.

Ìgbà kan sì wà tí aṣọ tí a hun nílẹ̀ Yorùbá ń gba Èkó kọjá lọ sí Bàhíà ní Bràsíìlì, tí àwọn obìnrin ìran wa níbẹ̀ ń fi kọ́ èjìká.

Lónìí ńkọ́? Bí a ti ń ró o kò yí padà. Aṣọ gan-an ni ó di ti ẹlòmíràn. Austria ni ọ̀pọ̀ léèsì aṣọ ẹbí wa ti ń wá láti àwọn ọdún 1960. Àwọn ará Ṣáínà ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ, wọ́n ń kó o wá tà fún ọmọ aládìrẹ. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Kaduna Textiles ti ìlẹ̀kùn ní 2002. Bí ilé ìhunṣọ bá kú, ta ni yóò ra òwú lọ́wọ́ àgbẹ̀?

Àwọn kan yóò wí pé aṣọ òkè wọ́n, ó sì wúwo. Òtítọ́ ni. Òtítọ́ sì ni pé púpọ̀ nínú òwú tí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ń lò, òkè òkun ni ó ti ń wá. Nítorí náà, a kò ní kí ẹnikẹ́ni dáná sun léèsì rẹ̀. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi aṣọ òkè tàbí àdìrẹ Abẹ́òkúta ṣe aṣọ ẹbí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ìjọba sì ran àgbẹ̀ olówùú lọ́wọ́, kí òwú ilé lè padà sórí òfì.

Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.