Àwọ̀ Okùn Iná Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ìyá tó ń kó tòmátì sínú mọ́tò lọ́jọ́ ọjà, ọ̀rọ̀ òní kàn yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá awakọ̀ kan ní ìdíkọ̀, ó gbé rédíò tuntun sórí itan. Rédíò ọ̀hún ń rùn bíi rọ́bà tó jó. Ọmọṣẹ́ oníṣẹ́ iná kan ló bá a so ó. Mo bi ọmọ náà pé báwo ló ṣe mọ plus yàtọ̀ sí moins. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, dúdú ni moins, ta ni ò mọ̀?"

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí à ń gùn níbí, àlòkù ni, láti Yúróòpù ni wọ́n ti gba èbúté Kútọ̀nù wọlé. Nínú mọ́tò Jámánì, okùn aláwọ̀ igi ni moins. Dúdú tiwọn sábà máa ń gbé iná nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́: plus ni. Ṣùgbọ́n rédíò tí ẹ rà lọ́jà, dúdú tirẹ̀ ni moins, yẹ́lò ni plus tí kì í kú, pupa ni plus tó ń tẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá so dúdú mọ́ dúdú nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti darí iná gba ẹ̀yìn wọlé. Ká má tiẹ̀ sọ ti ẹni tó ti gé okùn àtijọ́, tó fi èyí tó rí lọ́wọ́ dí i.

Èmi ò bá ọmọṣẹ́ yẹn wí. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, a rí i pé ọmọ tó há nǹkan sórí láìmọ ìdí rẹ̀, bí ìbéèrè bá yí díẹ̀ báyìí, ó ti ṣubú. Ọ̀gá tó kọ́ ọmọ ní àwọ̀ nìkan kò tíì kọ́ ọ níṣẹ́.

Kí ló yẹ kó kọ́ ọ? Gílóòbù mọ́tò kékeré, volt 12, olókùn méjì. Moins bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara mọ́tò, nítorí náà ẹ fi okùn kan kan irin tí kò ní ọ̀dà, kí ẹ fi èkejì kan okùn tó wà lẹ́yìn rédíò. Èyí tó bá tan gílóòbù, plus nìyẹn. Bó bá tàn láìyí kọ́kọ́rọ́, plus tí kì í kú ni. Ẹ̀rọ ìdíwọ̀n, multimètre, tún dára jù: bí àmì ìyọkúrò bá hàn níwájú nọ́ńbà, ẹnu pupa rẹ̀ wà lórí moins.

Ti báàfù yàtọ̀. Bí ẹ bá gbé plus báàfù kan sódì, kò ní jó, àmọ́ bí ọ̀kan ṣe ń tì ni èkejì ń fà, ohùn ìlù á sì rọ. Ẹ yọ okùn báàfù kúrò lára rédíò, kí ẹ fi òkúta tọ́ọ̀ṣì kan kàn án fìrí. Bí awọ báàfù bá fò síta, okùn tó wà ní plus òkúta ni plus báàfù.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ti fúsíbù. Ó jó, wọ́n wá fi bébà fàdákà inú páàkì sìgá wé e! Fúsíbù jó kí okùn má bàa jó ni. Abẹ́ àga ni okùn ọ̀hún gbà kọjá, níbi tí ẹ̀yin àti ọmọ ẹ̀yìn yín jókòó sí. Mo mọ̀ pé awakọ̀ á ní kí ló kan èrò. Ó kàn wọ́n. Ẹ bi í, ẹ má tijú: fúsíbù wà nítòsí bátìrì àbí kò sí?

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, moins bátìrì ni ká kọ́kọ́ tú, òun náà ni ká so kẹ́yìn. Bí kọ́kọ́rọ́ ìtúnọ́ọ̀tì bá kan ara mọ́tò nígbà tí ẹ ń tú moins, kò sí nǹkan kan. Bó bá jẹ́ plus lẹ ń tú, iná á ṣẹ́ pàrà.

Awakọ̀ yẹn ní òun máa ra rédíò mìíràn bí ọjà bá tú. Mo ní kó kọ́kọ́ ra gílóòbù.