Òkúta Kún Ilẹ̀, À Ń Ra Búlọ́ọ̀kù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ fi ojú rí ìtumọ̀ òwe yìí, ẹ wo ẹni tí ó ń kọ́lé ní Abẹ́òkúta, ní Ìdànrè tàbí ní Ìkéré. Yóò kọ́kọ́ sanwó fún àwọn tí yóò fọ́ òkúta inú ilẹ̀ rẹ̀, tí wọn yóò sì kó o dànù. Lẹ́yìn náà ni yóò tún sanwó búlọ́ọ̀kù, yanrìn àti sìmẹ́ǹtì láti fi mọ ògiri kékeré sí ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Ìnáwó ẹ̀ẹ̀mejì! Òkúta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1830, tí wọ́n sì fi sọ ìlú wọn lórúkọ, òun ni a wá sọ di pàǹtí.

N kò sọ pé kí a wó ògiri tí ó ń dí olè lọ́nà. Ọgbà ni mò ń sọ: ebè ewébẹ̀, ìdí òdòdó, àti ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí òjò ń wọ́ lọ. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò gbà fún un. Nígbà tí omi bá gbárí jọ sẹ́yìn ògiri búlọ́ọ̀kù tí kò ní ihò, yóò máa tì í títí yóò fi sán, tí yóò sì wó. Ṣùgbọ́n ògiri òkúta tí a tò láìlo sìmẹ́ǹtì a máa jẹ́ kí omi gba àárín rẹ̀ kọjá, yóò sì di ilẹ̀ mú.

Àwọn kan ní iṣẹ́ ará àtijọ́ ni. Ṣé wọ́n ti gbọ́ nípa Sukur, ní Ìpínlẹ̀ Adamawa? Òkúta lásán ni wọ́n tò sí ààfin àti sí ilẹ̀ oko onípele tí ó wà lórí òkè náà, UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 1999. Ní ọdún 2018, àjọ yìí kan náà ka iṣẹ́ òkúta títò mọ́ ogún ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Yúróòpù. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé gẹ̀gẹ̀ ni àwa ń pè ní ìyà.

Iṣẹ́ náà kò sì ṣòro. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ líle, kí ẹ fi àwọn òkúta ńláńlá ṣe ìpìlẹ̀. Kí òkúta kọ̀ọ̀kan jókòó lé orí méjì, kí ojú ìpàdé má ṣe gun orí ara wọn. Ẹ jẹ́ kí apá gígùn òkúta wọ inú ògiri lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi há àárín gbọningbọnin. Ẹ má ṣe da yẹ̀pẹ̀ sí i. Bí ògiri ti ń ga sí i, kí ojú rẹ̀ máa rọra fà sẹ́yìn, kí ó fara ti ilẹ̀ tí ó ń gbé dúró. Òkúta pẹlẹbẹ tí ó wúwo ni ìbòrí rẹ̀. Bí yóò bá ga ju mítà kan lọ, ẹ pe ẹni tí ó mọṣẹ́.

Mo mọ èsì tí ẹ ó fọ̀: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Ejò lè fara pamọ́ sínú ihò òkúta, ẹni tí ó ní ọmọ kékeré kò sì gbọdọ̀ fojú kéré èyí. Ṣùgbọ́n igbó àti eku ni ejò ń tẹ̀lé. Ẹ ro ìdí ògiri náà, ẹ fi òkúta kékeré há àwọn ihò ńlá, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jìnnà sí ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Òkìtì búlọ́ọ̀kù tí ó ti wà lẹ́yìn ilé láti ọdún mẹ́ta ńkọ́? Ṣé ejò kò mọ̀ ọ́n ni?

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni pé bí a kò bá lo ìmọ̀ kan mọ́, àti ìmọ̀ náà àti orúkọ rẹ̀ ni yóò jọ pa rẹ́. Bíríkìlà tí kò tò òkúta rí, kí ni yóò fi kọ́ ọmọọṣẹ́ rẹ̀? Nítorí náà, kí ẹ tó tún pe ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù, ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ẹ dúró lé.